Ìbínú Ti Lé Ẹ̀rù Jáde

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní. Ṣé ẹ̀rù lè máa ba èèyàn, kínú sì tún máa bí i lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí ní Òrù lọ́jọ́ tí mo lọ ká ọmọ mi mọ́ ilé géèmù, kẹ́ ẹ wá dá ẹjọ́ náà fúnra yín.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin wà ní yunifásítì Olabisi Onabanjo tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí Ogun State University, òun náà ni. Ọdún 1982 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 2001 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn á mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè gan-an. Òrù ò jìnnà síbẹ̀, àìmọye wọn ló gba yàrá sí Òrù, bẹ́ẹ̀ lọmọ tèmi náà ṣe. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, torí Òrù ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi. Mo ní ojú àwọn tèmi á máa wà lára ọmọ náà. Mi ò mọ̀ pé ojú tiẹ̀ wà lára tẹlifíṣàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mi ò pè é tẹ́lẹ̀, mo kàn wọkọ̀ láti Èkó. Mo di ìrẹsì, mo di ẹja gbígbẹ, mo di ata tí mo ti dín. Gààrí nìkan ni mi ò gbé. Ta ní ń gbé gààrí lọ sílẹ̀ Ìjẹ̀bú? Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ mà. Ó lọ kàwé ni, Mọ̀ọ́mì.” Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi tí mo bí mẹ́rin, mo mọ ohun tí ilẹ̀ máa ń jẹ́ lójú ọmọ tó bá ń parọ́. Mo ní kó mú mi lọ síbi tó ti ń kàwé ọ̀hún.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, wọ́n fi kọ́tìnì dúdú dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Tẹlifíṣàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí méjì, ariwo ibẹ̀ kọjá kèrémí. Níwájú ẹ̀kẹta tó wà ní kọ̀rọ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin jókòó, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé ìhágún fún. Ọmọ mi ló di pádì mú. Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn tó ń pariwo ò bà mí lẹ́rù, àwọn tó dákẹ́ yẹn ló já mi láyà.

Mo ti gbọ́wọ́ sókè kí n fọ́ ọ létí, àfi bójú mi ṣe bọ́ sórí tẹlifíṣàn yẹn, lọwọ́ mi bá dúró sókè níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni mo rí, kò ga ju ẹsẹ̀ tábìlì lọ. Ó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè, ó mú láítà kan lọ́wọ́, iná ẹ̀ ò ju ti fìtílà tí kẹrosíìnì ẹ̀ fẹ́ tán lọ. Òkùnkùn ló yí i ká. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló tóbi jù ú lọ. Àga dà bí òkè. Bó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, àfi kó fò sókè, kó so rọ̀ mọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn náà kó tó ṣí. Inú ilé ńlá kan tó dà bí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n há a mọ́, tó jẹ́ pé abẹ́ òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà. Ilé náà ń mì díẹ̀díẹ̀, iná tí wọ́n so rọ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Pákó ilẹ̀ tó ń han nìkan lẹ ó máa gbọ́, àti ohun kan tó ń mí níbì kan tẹ́ ò lè rí.

Ọmọ mi rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mọ̀ọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jókòó, ẹ wò ó díẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá nà mí.” Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sáré gbé àga wá. Ni mo bá jókòó.

Wọ́n ní Little Nightmares ni wọ́n ń pe géèmù náà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tarsier Studios, ní ìlú Malmö lórílẹ̀-èdè Sweden, ló ṣe é, Bandai Namco ti ilẹ̀ Japan ló sì gbé e jáde lóṣù kẹrin ọdún 2017. Six lorúkọ ọmọ tó wọ ẹ̀wù òjò yẹn. Kò ní ìbọn, kò ní idà. Ohun tó lè ṣe ò ju kó sáré, kó fò, kó gun nǹkan, kó fà á, kó sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Àlọ́ àpamọ̀ ló kún ọ̀nà ẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá ga jù, ẹ ó wá àpótí tẹ́ ẹ máa fà débẹ̀. Bí wọ́n bá tìlẹ̀kùn pa, ẹ ó wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Bẹ́ ẹ bá já àlọ́ yẹn, ẹ kọjá. Bẹ́ ò bá já a, ẹ dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, ẹ ó mọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí wọ́n kó wa lọ bá ìyá àgbà ní Òrù níbẹ̀ yẹn, tí Orò bọ́ sígbà tá a wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kúkú mọ̀ pé obìnrin kì í rí Orò. Bílẹ̀ ṣe ń ṣú, ìyá àgbà ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi igi dábùú ẹ̀, wọ́n yí fìtílà wálẹ̀. Àwa ọmọbìnrin mẹ́rin ká jọ sórí ẹní kan. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ọ. Ó jìnnà, ó sún mọ́ wa, ó tún jìnnà. Ìyá àgbà ò sọ nǹkan kan, ọwọ́ ni wọ́n kàn gbé lé wa lórí. Títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò rí ohunkóhun. Àmọ́ títí dòní yìí, bí mo bá gbọ́ ohun tó ń kùn lókèèrè lóru, orí mi á wú.

Àwọn òyìnbó tó ṣe géèmù yìí ò mọ Òrù, mi ò sì rò pé wọ́n gbọ́ Orò rí. Àmọ́ wọ́n mọ ohun tí ìyá àgbà mọ̀. Ohun tá a gbọ́ tá ò rí, ó ju ohun tá a rí lọ. Ọkùnrin kan wà nínú géèmù náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ọwọ́ ẹ̀ gùn bí okùn kànga, awọ ti bo ojú ẹ̀, kò ríran. Etí ló fi ń ṣọdẹ. Ẹ ó ti máa gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ pa ara ògiri kẹ́ ẹ tó rí i. Bí pákó bá dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ yẹn á nà wá láti ìpẹ̀kun yàrá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo di aṣọ ọmọ mi mú. Èmi tí mo wá nà án!

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe àṣìṣe. Wọ́n gbé pádì fún mi.

Lákọ̀ọ́kọ́, pákó tín-ínrín kan lókè ọ̀gbun ló ní kí n gbà kọjá. Mo gbẹ́sẹ̀ kan, mo ṣubú. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún ṣubú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ lẹ ti ń wo ọmọ náà, bí ìgbà téèyàn jókòó wo àwọn tó ń ṣeré lórí ìtàgé. Àmọ́ ọmọ náà ò kàn ń lọ sọ́tùn-ún sósì nìkan, ó tún lè wọ inú lọ, ó lè jáde síwájú. Bó ti ń rìn, ẹ ò ní mọ̀ bóyá àárín pákó lẹsẹ̀ ẹ̀ wà tàbí etí ẹ̀. Ẹ ó rò pé ó wà lójú ọ̀nà, ó ti balẹ̀ ọ̀gbun. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo tó kọjá, kì í sì í ṣe pé mo gbọ́n sí i, orí ló kó mi yọ.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́wọ́ gígùn. Nígbà àkọ́kọ́ tó mú mi, mo ké, gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yíjú wò mí. Nígbà kejì, mo ké díẹ̀. Nígbà kẹta, mo kàn ní “Haa!” Bó bá ti mú mi báyìí, ojú tẹlifíṣàn á ṣókùnkùn, a ó dúró, a ó dúró, ọmọ náà á tún jí sẹ́yìn, màá tún rin ọ̀nà kan náà, màá tún gun àpótí kan náà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀keje, mo ti há gbogbo ìrìn ọkùnrin yẹn sórí. Mo mọ ìgbà tó máa yí orí, mo mọ ìgbà tó máa nawọ́. Mo pòṣé, mo ní, “Ìwọ baba yìí, o ò kúkú níṣẹ́ mìíràn?” Àwọn ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ̀rù tó ń bà mí lọ? Ó ti lọ. Òkùnkùn ò kúrò níbẹ̀, ilé ò yéé mì, pákó ò yéé han, àmọ́ mi ò gbọ́ wọn mọ́. Ìbínú ti lé ẹ̀rù jáde, ó sì ti jókòó sórí àga ẹ̀. Iwin téèyàn bá ti mọ aago tó ń yí orí padà, kì í ṣe iwin mọ́, mẹgáàdì ni.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn tó wo awò ojú dá mi lóhùn pé, “Mọ̀ọ́mì, ẹ má bínú o. Bí wọn ò bá lè pa yín, kí lẹ fẹ́ máa sá fún? Bó bá rọrùn, ẹ̀rù ò ní bà yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ajá tí kò léyín, ta ní ń sá fún un? Mo rò ó títí.

Mo rántí Hubert Ogunde. Ọmọ Òṣósà ni, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, èèyàn wa ni. Nígbà tí sinimá Aiyé jáde lọ́dún 1979, àwa tá a jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ni kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lóru mọ́. Àmọ́ sinimá máa ń gbé èèyàn lọ ni. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ bojú, ó ń lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá la ojú, ibi tó ń dẹ́rù bà yín ti kọjá. Nínú géèmù, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ bojú, ẹ kú. Ẹ̀yin lẹ ní láti fẹsẹ̀ ara yín rìn wọ inú yàrá tẹ́ ò fẹ́ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù géèmù fi lè ju ti sinimá lọ. Ìdí nìyẹn náà tó fi máa ń tètè bàjẹ́. Sinimá ò ní dá yín padà sí ibì kan náà nígbà mẹ́sàn-án.

Mo tún rántí Fagunwa. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde lọ́dún 1938, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á nílé ìwé, ẹ ò lè gbàgbé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Àkàrà-Oògùn bá a jà, ìjà ọ̀hún le, ó sì kọjá ibẹ̀, ìtàn ń lọ. Ká ní ìgbà mẹ́wàá ni Fagunwa dá Àkàrà-Oògùn padà sí ẹnu igbó pé kó lọ tún ìjà yẹn jà, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ta ni ì bá ka ìwé náà tán? Kò sí àpàlọ́ kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ tó máa dá àlọ́ dúró láàárín, kó ní àfi káwọn ọmọ lọ fọ abọ́ kóun tó máa bá a lọ.

Ìdáhùn mi fún ọlọ́jú awò yẹn rèé. Ikú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ikú méjì ló wà. Èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni mo fi fà á, mo sáré níbi tó yẹ kí n yọ́ rìn, ọlọ́wọ́ gígùn gbọ́ mi. Ikú yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n, ó sì tún fi kún ẹ̀rù. Èkejì lèyí tí mo ṣe bó ṣe yẹ, tí ojú tí wọ́n fi ń wò mí wá tàn mí jẹ, tí mo ṣubú lórí pákó tí mo rò pé mo wà láàárín ẹ̀. Ikú yẹn ò kọ́ mi ní nǹkan kan ju èébú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí wọ́n dá èèyàn padà sí ló kù. Bó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rù ṣì wà lára. Bó bá jẹ́ pé gbogbo yàrá ni mo máa tún rìn, kó tó débẹ̀, ẹ̀rù ti tú ká.

Ọmọ mi ní òótọ́ ni mo sọ, pé òmíràn wà tó mọ èyí dáadáa. Limbo lorúkọ tiẹ̀, ilé iṣẹ́ Playdead ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ló gbé e jáde lóṣù keje ọdún 2010. Dúdú àti funfun ni gbogbo ẹ̀, kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń rìn nínú igbó, aláǹtakùn kan tó tóbi ju ilé lọ ń lé e, tàkúté wà nínú koríko. Géèmù yẹn ń pa èèyàn ju Little Nightmares lọ, ikú ibẹ̀ sì burú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ọmọ náà ti jí, ẹ̀gbẹ́ ibi tó kú sí náà ni. Wọ́n ń pa yín ṣùgbọ́n wọn ò fìyà jẹ yín. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tá a wà o. Ní Sweden lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ra géèmù ti rà á, ó lè kú nígbà ẹgbẹ̀rún nínú pálọ̀ ẹ̀. Ní ilé géèmù Òrù, wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́wọ́ gígùn mú mi yẹn, owó ọmọ mi ló ń jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ti ibi iṣẹ́ dé lágogo mẹ́jọ alẹ́, tí gosíló ti fi ojú yín rí màbo, tó jẹ́ pé wákàtí kan péré lẹ ní kẹ́ ẹ tó sùn, ṣé orí pákó kan ṣoṣo lẹ fẹ́ lò ó sí?

Èmi náà rò pé mo ti jàre pátápátá. Mo gbé pádì fún ọmọ mi, ó ṣí èyí tóun ti ń ṣe bọ̀, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn àlejò kan wà níbẹ̀, wọ́n sanra bọ̀kọ̀tọ̀, oúnjẹ nìkan ni wọ́n wá jẹ. Bí Six ṣe ń sáré lórí tábìlì, wọ́n ń já lù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ mi gan-an kú níbẹ̀. Inú ń bí i, inú ń bí mi. Nígbà tó kọjá, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa Six. Ebi máa ń kì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà dégbà, á di ikùn mú, kò ní lè sáré. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ kan tí wọ́n há mọ́lé ló fún un ní búrẹ́dì. Nígbà kan, ó jẹ eku. Ní báyìí, ẹ̀dá kékeré kan tó dé fìlà ṣóńṣó, tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, gbé sọ́séèjì wá fún un. Mo ní, “Ó dáa, gbà á, jẹ ẹ́, ká máa lọ jàre.”

Six ò wo sọ́séèjì yẹn. Ẹni tó gbé e wá ló jẹ.

Ẹnu mi ya, mi ò lè pa á dé. Ariwo bọ́ọ̀lù ń lọ lẹ́yìn wa, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ̀rù tí mo ní ó ti lọ padà dé, ó sì wọ̀ mí lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ara mi. Gbogbo ikú àkútúnkú yẹn ti sọ mí di ẹni tó ń kánjú, tí kò ro ti ẹnikẹ́ni mọ́, kí n ṣáà kọjá. Ebi tèmi nìyẹn. Èmi àti Six ti ń rìn pọ̀, mi ò mọ̀.

Torí náà, mi ò ní purọ́ fún yín pé ìnira ò wúlò rárá. Ìyà tó ní ibi tó ń gbé èèyàn lọ, a lè gbà á. Èyí tí kò gbé mi débì kankan, irú ti orí pákó yẹn, ni mi ò fọwọ́ sí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n fi apá kejì tó jáde lóṣù kejì ọdún 2021 hàn mí. Nínú ìyẹn, ọsibítù kan wà tí àwọn alárùn ibẹ̀ dà bí ère. Nínú òkùnkùn, wọ́n á máa rìn bọ̀. Bẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, wọ́n á dúró gbagidi. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, tọ́ọ̀ṣì kan ló wà lọ́wọ́ yín. Ibi tó dùn dé nìyẹn nígbà tí wọ́n múná lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣú dùdù. Mo ké “Yéè!” lóhùn tí mi ò tíì fi ké láti ọdún Orò yẹn. Ọ̀nà tí ọmọ mi ti rìn láti ibi tí géèmù ti sàmì gbẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀ ló sì bá iná lọ. Yóò tún un rìn lọ́jọ́ mìíràn, yóò tún sanwó ẹ̀.

A fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tànná lọ sílé. Ojú ọ̀nà ni ọmọ mi ti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi. Ó ní kì í ṣe pé òun kàn ń ṣeré, òun fẹ́ máa ṣe géèmù ni. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, ọmọ ọdẹ kan tó sọnù nínú igbó lóru, tí iwin ń pe orúkọ ẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà. Mo ní, “Iwin ọ̀hún, ṣé èèyàn á rí i?” Ó ní, “Rárá mà. Ohùn ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbọ́.” Orí mi wú. Mo ní, “Bó bá wá mú ọmọ ọdẹ yẹn ńkọ́?” Ó ní, “Á padà sí ẹnu igbó. Á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.” Ó ń fi yangàn.

Mo bi í pé, “Ọkọ mi, ṣé o fẹ́ kẹ́rù bà wọ́n ni, àbí o fẹ́ fìyà jẹ wọ́n?”

Kò dáhùn. A rìn títí a fi délé, kò dáhùn.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ẹ gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ Maliyo Games ti wà l'Ékòó láti ọdún 2012 tó ń ṣe géèmù nípa ọ̀kadà àti ẹ̀fọn tiwa. Leti Arts ti ń ṣe tiwọn ní Ghana láti 2009. Lọ́dún 2016, Kiro'o Games ní Cameroon gbé Aurion jáde, ìtàn ilẹ̀ adúláwọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ni. Èmi àti ọmọ mi ti ṣàdéhùn: ìwé lákọ̀ọ́kọ́, ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì, géèmù lẹ́yìn méjèèjì. Bó bá yẹ̀ é, màá padà wá, n ò sì ní jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti fi ahéré méje sínú igbó yẹn. Ibi ahéré tí ọmọ ọdẹ bá dé kẹ́yìn, ibẹ̀ ni á ti jí bí iwin bá mú un, ibẹ̀ náà ni á wà bí wọ́n bá múná lọ. Mo ní ó ṣeun. Ó ní, “Àmọ́ Mọ̀ọ́mì, mo fi ahéré kẹjọ sí i.” Mo ní kí ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi.

Mi ò tíì lọ o. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.